Gíláàsì Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta

Gíláàsì ni mò ń gé ní Àjárá,
ọdún kejìlélógún rèé.
Fèrèsé ilé tuntun, dígí onídìrí,
ilé ẹja tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀.
N ò gé ilé ejò rí,
àfìgbà tí Sènàpọ́n ọmọ mi ti iléèwé dé
tó ní: "Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn,
ọ̀kan àbọ̀ ní ìbú. Ìdérí rẹ̀ gbọdọ̀ pa dé."

Mo ní, ẹja wo ló ń fẹ́ ìdérí?
Ó wolẹ̀.

Ẹni ejò bù jẹ rí ń sá fún ekòló.
Èmi tí kò bù jẹ rí, okùn ni mò ń sá fún.
Lóko àgbọn ni ṣèbé ti tutọ́ sójú ẹ̀gbọ́n mi;
láti ìgbà náà, bí nǹkan gígùn bá wà nílẹ̀ lóru,
tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ ń bi léèrè.

Síbẹ̀, a gun ọ̀kadà lọ bá Zọ́sù ní Ìbẹ̀rẹ̀kodó,
ẹni tí ẹyin ejò ń pa lábẹ́ òrùlé rẹ̀.
Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló tò sílẹ̀.

Ó ṣí ti àkọ́kọ́: ọmọ òjòlá, kò ju okùn bàtà lọ,
owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Mo ti ń wá àpò mi.
Zọ́sù rẹ́rìn-ín. "Má wo kékeré rẹ̀.
Tó bá dọdún mẹ́ta, gíláàsì rẹ á di fìlà lórí ẹ̀."

Èkejì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àárọ̀.
Kí a tó kí i, ó ti gbá ìdérí lẹ́ẹ̀mẹta.
"Èyí wà fún ojú," ni Zọ́sù wí,
"ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́."

Ẹ̀kẹta, ejò ilé, aláwọ̀ ilẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́,
gbogbo oúnjẹ ló ń jẹ, kì í bínú,
àmọ́ bí ẹ bá fi àyè ìka kan sílẹ̀ fún un
abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ó ti máa kí ara yín.

Ìkẹrin ni mọ̀nàmọ́ná.
A ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi ká jọ bí òṣùká,
ó ki orí bọ àárín ara rẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó dìde lọ síléèwé.
Ẹ̀rù mi ń bà á.
Èmi! Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló dúró níbẹ̀.

Nílé, ìyá mi, ọmọ Ògù, kò jẹ́ ká wọlé.
"Ẹ fowó ra ẹni tí a ń kúnlẹ̀ kí?
Bí irú rẹ̀ bá ṣìnà wọ yàrá wa,
aṣọ funfun la fi ń gbé e padà síta.
Ní Àgbádárìgì yìí, a mọ ohun tí ìlẹ̀kùn títì ń jẹ́."
Sènàpọ́n ní ọwọ́ Zọ́sù ló pa sí, kò mọ igbó.
Màmá kò dáhùn. Ó fi èdè Ògù kí i, ó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹun.
Zọ́sù ní kí a ní sùúrù, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,
kí ìgbóná ṣáà má kúrò níhà kan.
Lóru ọjọ́ Àìkú, iná lọ, gílóòbù kú.
Sènàpọ́n ń hanrun.
Èmi ni mo gbé omi kaná,
tí mo rọ ọ́ sínú ike, tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì mi wé e,
tí mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tí mo fọwọ́ ara mi gé.
Ó pẹ́ díẹ̀. Ahọ́n yọ,
bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú òkùnkùn lẹ́yìn mi.
Ìyá mi ni, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀:
"Ṣé ó ti jẹun?"